Àwọn Ohun Àṣà Gíríìkì nínú Eré Kàtúùnù The Simpsons

The Simpsons jẹ́ eré kàtúùnù apanilẹ́rìn-ín ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí Matt Groening dá sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ìdílé kan tó ń gbé ní ìlú Springfield ni eré náà dá lé lórí: Homer ni bàbá, Marge ni ìyá, Bart, Lisa àti Maggie sì ni àwọn ọmọ. Láti sáà àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń kọ ọ́ ti ń mú nǹkan látinú ewì, ìtàn òrìṣà àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn Gíríìkì wọ inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò ti ilẹ̀ Gíríìsì wá tààrà. Ó ti gba ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé, eléré àti onífíìmù Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọjá kó tó dé Springfield, ó sì yẹ kí a máa rántí èyí bí a bá ń wò ó.

Orúkọ bàbá inú eré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Homer ni akéwì àtijọ́ tí àwọn Gíríìkì gbà pé òun ló ni Iliad àti Odyssey, ewì akọni méjì tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe akéwì yìí ni Groening ń wò nígbà tó sọ orúkọ. Homer ni orúkọ bàbá tó bí i, Margaret ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, Lisa àti Maggie sì ni àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó tún ti sọ pé òun bá orúkọ Homer Simpson pàdé nínú The Day of the Locust, ìwé ìtàn àròsọ tí Nathanael West tẹ̀ jáde ní ọdún 1939. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé wọ́n fi akéwì Gíríìkì náà sọ Homer Simpson lórúkọ kò sọ òótọ́.

Síbẹ̀, kò pẹ́ rárá tí àwọn òǹkọ̀wé eré fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo àǹfààní tó wà nínú orúkọ náà. Apá kẹta sáà àkọ́kọ́, tó jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1990, ni wọ́n pè ní “Homer’s Odyssey”. Kò sí òkun, kò sì sí òrìṣà kankan nínú ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Homer ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá níbi tí wọ́n ti ń lo agbára átọ́míìkì, ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò títí tó fi fẹ́ bẹ́ sódò láti pa ara rẹ̀. Ibi tó ti ń gbìyànjú láti gba ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ ni ó ti rí iṣẹ́ tuntun fún ara rẹ̀: ó di ẹni tó ń jà fún ààbò aráàlú. Níkẹyìn, Ọ̀gbẹ́ni Burns tó ni ilé-iṣẹ́ náà gbà á padà, ó sì fi í ṣe alábòójútó ààbò. Ọkùnrin tó sọnù, tó jìyà, tó wá padà sílé ni Odysseus, akọni inú Odyssey, náà, nítorí náà àkọlé ọ̀hún bá ìtàn mu ju bí a ti lè rò lọ.

Ibi tí eré yìí ti wọ inú ìtàn Gíríìkì jinlẹ̀ jù lọ ni “Tales from the Public Domain”, tó jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2002, ní sáà kẹtàlá. Homer rí ìwé ilé ìkàwé kan tó yẹ kó ti dá padà tipẹ́, ó sì ń ka ìtàn mẹ́ta láti inú rẹ̀ fún Bart àti Lisa. Odyssey ni àkọ́kọ́. Àkọlé abala yìí, “D’oh, Brother Where Art Thou?”, ń tọ́ka sí O Brother, Where Art Thou?, fíìmù àwọn ará Coen, àwọn onífíìmù Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2000, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé ìtàn Odysseus lọ sí ìpínlẹ̀ Mississippi.

Homer ló di Odysseus, Marge sì di Penelope, ìyàwó tó ń retí rẹ̀ nílé. Ned Flanders, aládùúgbò olùfọkànsìn, di ọba Troy, ìlú tí àwọn Gíríìkì ń bá jagun, tó gba ẹṣin onígi tí àwọn jagunjagun fara pamọ́ sínú rẹ̀ wọlé láìfura. Quimby, olórí ìlú Springfield, di Zeus, olórí àwọn òrìṣà, Barney tí ọtí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ di Dionysus òrìṣà ọtí, ọ̀gákọ̀ McCallister sì di Poseidon, olúwa òkun. Hank Azaria ló ń gbé ohùn fún ọ̀gákọ̀ yìí. Ọmọ àwọn Júù Sefadí, ìyẹn àwọn Júù tí orírun wọn jẹ́ Sípéènì, ni Azaria, ìlú Thessaloniki ní ilẹ̀ Gíríìsì sì ni àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti wá, nítorí náà òrìṣà òkun inú eré yìí gba ohùn ọmọ ilẹ̀ náà lọ́nà kan.

Bí a bá fi abala yìí wé ewì, ìyàtọ̀ ibẹ̀ lókìkí ju ìjọra lọ. Nínú ewì, ohun tó bí Poseidon nínú ni pé Odysseus fọ́ ojú Polyphemus, òmìrán olójú kan tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Nínú eré, Homer kọ̀ láti fi àgùntàn rúbọ lẹ́yìn ìṣẹ́gun, ìyẹn ló fa ìbínú àwọn òrìṣà. Àwọn abo-ẹ̀dá olórin tó ń fi ohùn dídùn fa atukọ̀ sínú ikú di Patty àti Selma, àwọn arábìnrin Marge tí Homer kò fẹ́ rí. Nígbà tí àjẹ́ kan tó ń jẹ́ Circe sọ àwọn atukọ̀ di ẹlẹ́dẹ̀, Odysseus inú ewì gba ewé kan lọ́wọ́ òrìṣà Hermes, ó ṣẹ́gun àjẹ́ náà, ó sì mú kó sọ wọ́n di ènìyàn padà. Homer ní tirẹ̀ jẹ wọ́n. Lójú mi, ibí yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ti fi hàn pé wọ́n ka ewì náà dáadáa: ìyà Odysseus sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ tí kò lè kó ikùn wọn níjàánu, ìyẹn àwọn tó pa màlúù òrìṣà oòrùn jẹ, àwọn òǹkọ̀wé eré sì wá gbé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn atukọ̀ lé ọ̀gá wọn lórí.

Homer tún la odò Styx kọjá ní ilẹ̀ àwọn òkú, níbi tí orin ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Styx ti ń dún. Lẹ́yìn èyí ló délé, tó pa àwọn tó fẹ́ gba ìyàwó rẹ̀, tó sì gba ilé ọtí Moe lọ. Ewì tó ní ìwé 24 àti ìlà tó lé ní 12,000 ni wọ́n ṣe ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

“Lisa the Greek”, tó jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1992, mú Gíríìkì mìíràn wá. Jimmy Snyder tí wọ́n ń pè ní Jimmy the Greek ni àkọlé yìí ń tọ́ka sí. Ìlú Steubenville ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n bí i sí, Dimetrios Georgios Synodinos ni orúkọ àbísọ rẹ̀, iṣẹ́ títa tẹ́tẹ́ àti sísọ àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) lórí tẹlifíṣọ̀n ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Nínú eré, Lisa ló ń mọ ẹgbẹ́ tí yóò borí, Homer sì ń jèrè rẹ̀. Smooth Jimmy Apollo ni wọ́n pe ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù inú eré náà, Apollo sì ni òrìṣà àsọtẹ́lẹ̀ fún àwọn Gíríìkì, tí wọ́n máa ń lọ bá ní ojúbọ rẹ̀ ní Delphi. Nínú eré, ẹgbẹ́ Washington ló borí ẹgbẹ́ Buffalo. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Washington borí Buffalo pẹ̀lú 37 sí 24 nínú Super Bowl, ìdíje àṣekágbá gidi.

Àwọn yòókù kéré jù báyìí lọ. “Pygmoelian” ti ọdún 2000, níbi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ tún ojú Moe, ẹni tó ni ilé ọtí, ṣe, gba orúkọ Pygmalion ará Kípírọ́sì tó nífẹ̀ẹ́ ère tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, Lucy Lawless, tó ń ṣe Xena, akọni obìnrin inú eré tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, wá gbé ohùn fún ara rẹ̀ nínú apá tí wọ́n ṣe fún Halloween, ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń dẹ́rù bani ṣeré.

Àwọn onímọ̀ náà ti gbé eré yìí padà sí ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì. Ní ọdún 2001, William Irwin, Mark Conard àti Aeon Skoble ṣe olóòtú ìwé àròkọ kan, The Simpsons and Philosophy. Nínú àròkọ àkọ́kọ́ ibẹ̀, Raja Halwani fi ẹ̀kọ́ Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, nípa ìwà wọn Homer Simpson. Aristotle kọ́ni pé ìwà rere wà láàárín àṣejù àti àìtó, Homer kò sì mọ ìwọ̀n nínú oúnjẹ, ọtí tàbí ìbínú. Halwani gbà pé kò yege ìdánwò náà, ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tó yẹ ní yíyìn lára rẹ̀, ìyẹn bó ṣe fẹ́ràn ìgbé ayé.