Máńgòrò tó ń dán lórí igi, kí ló dé tó fi dúdú nínú agbọ̀n?

Ìbéèrè: Ara máńgòrò yìí mọ́ lọ́jọ́ tí mo ká a lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àmì dúdú ti bò ó. Kí ló kó ràn án nínú ilé?

Ìdáhùn: Ilé yín kọ́ o. Ìgbà tó ṣì wà lọ́mọ èso ni àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Èbu ni, Colletotrichum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ara ewé àti ẹ̀ka gbígbẹ ló ń gbé, òjò á wá ta á sórí òdòdó àti ọmọ èso. Èèpo máńgòrò tí kò tíì pọ́n ní èròjà tó ń dá a dúró, ló bá sùn síbẹ̀. Bí èso bá ti ń pọ́n, agbára yẹn á dínkù, èbu á jí. Ẹ wò ó dáadáa: bí àmì náà bá ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí èso wálẹ̀ bí omijé, ipa òjò nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n tètè fín oògùn sí i?

Ìdáhùn: Ó ti bọ́ fún tọdún yìí. Ìgbà tí igi bá ń tanná ni wọ́n ń fín in, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bá òdòdó. Oògùn oníkọ́pà, irú èyí tí àgbẹ̀ fi ń fín kòkó, ṣe é lò. Ìwọ̀n tó wà lára ike ni kí ẹ tẹ̀lé. Oògùn ẹ̀fọn kì í pa èbu, ẹ má fowó ṣòfò. Bí igi yín bá sì ti ga ju òrùlé lọ, ẹ gbàgbé oògùn: ẹ̀yin tí ẹ dúró nísàlẹ̀ lẹ máa fi wẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe?

Ìdáhùn: Àdá àti ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ká èso tán, ẹ gé ẹ̀ka tó há mọ́ra, kí oòrùn àti atẹ́gùn ráyè wọlé; ibi tí ewé bá ti tutù pẹ́ ni èbu ti ń ráyè. Ẹ gbá ìdí igi, ẹ sun ohun tí ẹ bá gbá.

Ìbéèrè: Ìyẹ̀fun funfun ló wà lórí òdòdó tèmi. Ṣé òun náà ni?

Ìdáhùn: Rárá, èbu mìíràn ni. Ìgbà ọyẹ́ ló fẹ́ràn, kì í dúró de òjò. Oògùn tó ní imí ọjọ́ nínú ni tirẹ̀, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fín in. Tí oòrùn ọ̀sán bá bá a lára ewé, ewé á jó.

Ìbéèrè: Èyí tó ti lámì ńkọ́, ṣé ó ṣeé jẹ?

Ìdáhùn: Bí àmì bá mọ lára èèpo, ẹ bẹ ẹ́, kí ẹ jẹ ẹ́. Èyí tó bá ti rọ̀ wọnú, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má jù ú padà sídìí igi.