Ìpolongo ìdènà HIV láàárín àwọn ọ̀dọ́ Ilé-Ifẹ̀

Ìpolongo ìdènà HIV ní Ilé-Ifẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, olùkọ́, agùnbánirọ̀, oníṣẹ́ rédíò àti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń ṣe láti la àwọn ọmọ ìlú lọ́yẹ̀ nípa bí kòkòrò HIV ṣe ń ràn, bí a ṣe ń dènà rẹ̀, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dẹ́yẹ sí ẹni tó ní i. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìlú náà wà. Láti ọdún 1967 ni yunifásítì tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí ti wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀ka ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà, níbi tí ilé ìwòsàn Wesley Guild wà. Nítorí náà, oríṣi ọ̀dọ́ méjì ló ń gbé Ifẹ̀. Àwọn kan wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kàwé, wọ́n sì ń gbé níbi tí òbí kò sí. Àwọn yòókù ni ọmọ ìlú àti ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, irun gígẹ̀ tàbí ọkọ̀ títún ṣe ní Lágéré, Sábó àti Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wọ àwọn ti àkọ́kọ́ létí lè má dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ìkejì rárá.

Orúkọ àrùn náà

HIV ni kòkòrò. AIDS ni ipò tí ara ń bọ́ sí nígbà tí kòkòrò náà bá ti ba agbára ìgbèjà ara jẹ́ láìsí ìtọ́jú. Orúkọ mẹ́ta ni Yorùbá sábà máa ń lò fún ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó ń ṣe sí ọkàn ẹni tó gbọ́ ọ.

“Kòkòrò apa sójà ara” ló dára jù nínú wọn. HIV a máa wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní CD4, á máa bí síi níbẹ̀, á sì máa pa wọ́n. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá mọ iṣẹ́ tí sójà ń ṣe ti lóye ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

“Éèdì” jẹ́ bí ẹnu Yorùbá ṣe gbé AIDS. Ṣùgbọ́n ó súnmọ́ èèdì, ìyẹn àsàsí tí aráyé ń fi di ènìyàn títí tí yóò fi ṣìwà hù. Ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Edì ní ìrántí Mọremí, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Kò ṣòro kí ẹni tó gbọ́ ọ rò pé àwọn ọ̀tá ló fi àìsàn náà ránṣẹ́, kó sì wá ẹni tí yóò tú u dípò ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Èyí tó ń ṣe ìpalára jù ni “kògbóògùn”. Orúkọ náà bá ìgbà mu nígbà tí kò tíì sí oògùn tó lágbára. Láti ọdún 1996 ni àwọn oníṣègùn ti ń pa oògùn mélòó kan pọ̀ láti fi ká kòkòrò náà lápá kò, síbẹ̀ “àrùn kògbóògùn” ṣì wà lẹ́nu àwọn oníròyìn. Òótọ́ ni pé oògùn wọ̀nyí kì í lé HIV jáde pátápátá kúrò lára. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà náà kì í sábà lọ tán, oògùn ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń ká wọn lọ́wọ́ kò, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní kògbóògùn. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ti sọ fún láti kékeré pé àrùn náà kì í gbọ́ oògùn, kí ni yóò wá sún un lọ gba oògùn?

Láti ìdẹ́rùbà sí àlàyé

Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde AIDS ní Nàìjíríà. Agbárí òkú àti ènìyàn tó ti rù kan egungun ló kún inú àwọn pátákó ìkìlọ̀ ìgbà náà. Ohun tó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àrùn náà wà lóòótọ́ ni ikú Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló jáde sọ ọ́ ní gbangba pé AIDS ló fa ikú àbúrò òun. Nínú àwùjọ tí wọ́n ti máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́, ìgboyà ńlá ni.

Ní ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ dá NACA, ìgbìmọ̀ tó ń darí ìgbógunti AIDS, sílẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ti Ọ̀ṣun ni O-SACA. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn aláboyún fi hàn pé iye àwọn tó ní kòkòrò náà gòkè láti ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1991 dé 5.8 ní 2001. Ìwádìí ilé dé ilé ti ọdún 2018 rí nǹkan bí ìdá 1.4. Kò yẹ kí a fi àwọn iye wọ̀nyí wé ara wọn tààrà, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi kà wọ́n yàtọ̀.

Ẹ̀rù jẹ́ kí ìlú mọ orúkọ àrùn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá bà kì í fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìròyìn tó yẹ kó rọ́pò agbárí òkú ni pé ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tí kòkòrò náà sì kéré débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò lè kó o ran ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀. Ìwádìí PARTNER, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016 àti 2019, tọ àwọn tọkọtaya tí ẹnì kan nínú wọn ní HIV tí ó sì ń lo oògùn lẹ́yìn. Wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tó kó o láti ara olólùfẹ́ rẹ̀ tí oògùn ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ ọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, òwe àti àdììtú ni àgbà fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. “Má jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn ọ́” ni ìyá ń sọ fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù. Ọmọ náà mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni, kò mọ ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀. Àlàfo yìí ni wọ́n fẹ́ dí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, pẹ̀lú ìrànwọ́ UNICEF. Inú àgọ́ ìgbaniwọlé, tí ti Ọ̀ṣun wà ní Ẹdẹ, ni wọ́n ti ń yan àwọn kan tí yóò lọ sí ilé ìwé girama láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn yẹn náà lè kọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ ọdún 15 á béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16 ohun tí kò jẹ́ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ fún ilé ìwé ní 2001. Lẹ́yìn àríwísí, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀kọ́ ìgbé ayé ìdílé àti HIV. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó ní ilé àti ilé ìjọsìn ló yẹ kó kọ́ ọmọ.

Rédíò ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí nílé ìwé. Great FM 94.5 ń sọ̀rọ̀ láti inú ọgbà yunifásítì, Orísun FM 89.5 náà sì wà ní ìlú. Ẹni tó bá pe orí afẹ́fẹ́ lè béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn olóòlà, ìkìlọ̀ ni pé kí bíléèdì kan má ṣe kan ara ẹni méjì, bákan náà ni fún gbẹ́rẹ́ sínsín. Ìkìlọ̀ tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù ni ọ̀pọ̀ jù lọ fi ń kó HIV ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ bíléèdì sì rọrùn láti sọ níwájú òbí àti pásítọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá lo wákàtí kan lórí bíléèdì, tó wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀ kọ́ńdọ̀mù, ti fi ọ̀dọ́ sílẹ̀ níbi tí ewu wà.

Ìdẹ́yẹsí

Àwo àti ife tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni àmì tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé, bẹ́ẹ̀ HIV kì í ràn nípa jíjẹun pọ̀, dídì mọ́ra, ẹ̀fọn tàbí ilé ìyàgbẹ́. Ti ìta burú ju ti ilé lọ. Àwọn ìjọ kan ń béèrè èsì àyẹ̀wò kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, èsì náà sì lè dé orí tábìlì pásítọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Òfin ọdún 2014 tó lòdì sí ìdẹ́yẹsí HIV kà á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ìwé láti fi àyẹ̀wò ṣe ọ̀ranyàn, ó sì dáàbò bo àṣírí aláìsàn.

Nítorí ojú aládùúgbò, àwọn kan ń fi ilé ìwòsàn ìtòsí sílẹ̀ lọ gba oògùn ní ìlú mìíràn. Owó ọkọ̀ á tán lọ́jọ́ kan, wọn á fo oògùn, kòkòrò náà á sì gbérí padà. Kì í ṣe ọkàn nìkan ni ìdẹ́yẹsí ń pa lára, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú pàjáwìrì

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ó lè gba tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ènìyàn kó kòkòrò náà kí àyẹ̀wò tó lè fi í hàn dájú, èyí ló fi yẹ kí ẹni tó bá wà nínú ewu padà lọ tún un ṣe.

Oògùn tó ń dènà HIV tún wà fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí kọ́ńdọ̀mù bẹ́ mọ́ lára, tàbí tí abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn gún. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, á sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ọmọbìnrin tí ìtìjú bá dá dúró nílé di ọjọ́ kẹrin ti pẹ́ jù fún un.