Àyẹ̀wò kò rí kòkòrò mọ́, kí ló dé tí ẹ tún ní kí n máa lo oògùn?

Ìwé èsì àyẹ̀wò kì í gùn. Èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń gba oògùn HIV, nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ dípò orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ á wà níbẹ̀, èsì fúnra rẹ̀ sì lè má ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: TND. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ wá HIV nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, kò rí i. Ẹni tó bá gba irú èsì bẹ́ẹ̀ yẹ kó yọ̀. Kó dúpẹ́, kó jó bó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọpẹ́ náà ló ń bà mí lẹ́rù: "Ó ti lọ. Kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún?"

Àwọn tó ní mẹ́dọ̀wú B tó ti di bárakú, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, náà ń sọ ọ́. Lẹ́nu tiwọn gan-an ló sì ti léwu jù.

Ẹ má rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀. Oògùn ibà ló kọ́ wa. Wọ́n ní kí ẹ lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lò ó tán, orí fífọ́ lọ, ẹnu kíkorò lọ, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbà pé kí oògùn pa kòkòrò ni iṣẹ́ rẹ̀, bó bá ti pa á tán, ó parí. Oògùn HIV àti ti mẹ́dọ̀wú B kì í pa kòkòrò tó ti fìdí kalẹ̀ nínú ara. Wọn kì í jẹ́ kó bí sí i ni.

Kòkòrò méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Inú àwọn sójà ara ni HIV ń gbé, mẹ́dọ̀wú B ń gbé inú ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn tó lè pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ RNA di DNA (oríṣi ìwé ìtọ́ni méjì tí kòkòrò fi ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀), irin iṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi ṣe é jọra wọn gan-an. Ibẹ̀ ni oògùn méjì tí wọ́n ń pè ní tenofovir àti lamivudine ti ń mú wọn. Ẹ wo ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n wá da ìlẹ̀kẹ̀ tí wọn kò lu ihò rẹ̀ já mọ́ tirẹ̀ nínú igbá. Àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bó bá ti mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, òwú á wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde lódì kejì, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Tenofovir jọ ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ tí kòkòrò fi ń to DNA rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, kò sí èyí tó lè tẹ̀ lé e mọ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún HIV fi di oògùn ẹ̀dọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1995 ni wọ́n fọwọ́ sí lamivudine fún HIV, ó di 1998 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún mẹ́dọ̀wú B. Ti tenofovir jẹ́ 2001 àti 2008.

Kòkòrò tó bá ń bí sí i lọ́wọ́ nìkan ni oògùn yìí lè rí mú. Èyí tó bá sùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. HIV a máa ki DNA tirẹ̀ bọ àárín DNA àwọn sójà ara kan tó ń pẹ́ láyé, á sì dákẹ́ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mẹ́dọ̀wú B ní tirẹ̀ a máa fi òrùka DNA kékeré kan pamọ́ sí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. cccDNA ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ apá sì ni nọ́ọ̀sì ń fà, kò sẹ́ni tó ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀dọ̀ yín láti wá òrùka. Ẹ̀rọ kò parọ́. Ibi tí wọ́n ní kó wò ló wò.

Wọ́n bí ọmọ kan ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, ní 2010. Ìyá rẹ̀ ní HIV, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ọmọ náà nígbà tó pé nǹkan bí wákàtí 30 láyé. Nígbà tó di ọmọ bí oṣù 18, wọn kò rí ìyá àtọmọ nílé ìwòsàn mọ́, oògùn sì dá. Wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò lọ wò bọ̀, wọn kò rí kòkòrò. Ní 2013, ìròyìn gba ayé kan pé ọmọ náà ti bọ́. Ní oṣù Keje 2014, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún méjì láìlo oògùn, wọ́n kéde pé HIV ti yọjú lára rẹ̀. Tọmọ yẹn tilẹ̀ pẹ́. Fún àgbàlagbà tó dá oògùn dúró, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń gbà.

Àwọn kan á ní àwọn kò fẹ́ dá a dúró pátápátá, àwọn kàn fẹ́ sinmi ni, kí kídìnrín lè mí. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SMART kó ènìyàn tó lé ní 5,400 jọ láti orílẹ̀-èdè 33. Àwọn kan ń lo oògùn láìdá a dúró, àwọn tó kù ń sinmi nígbàkígbà tí sójà ara wọn bá pọ̀ tó. Ní 2006, wọ́n ní kí gbogbo wọn padà sídìí oògùn, torí àwọn tó ń sinmi ló ń kú jù. Ẹ tún wá wò ó: àrùn ọkàn, ti ẹ̀dọ̀ àti ti kídìnrín tí wọ́n ní àwọn ń sá fún pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn tí kò sinmi lọ.

Òótọ́ ni pé tenofovir lè yọ kídìnrín àwọn kan lẹ́nu. Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ kídìnrín wò lóòrèkóòrè nìyẹn. Bó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, oògùn mìíràn wà tí dókítà lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ti mẹ́dọ̀wú B wá ńkọ́? Kòkòrò yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù, ìjà tí sójà ara ń bá a jà nínú ẹ̀dọ̀ ni. Nígbà tí oògùn wà, kòkòrò kéré, ìjà rọlẹ̀. Ẹ dá oògùn dúró, òrùka tó sùn yẹn jí, kòkòrò pọ̀ yamùrá, sójà ara náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé pé òun lo oògùn rí. Ojú á pọ́n bíi ti ibà pọ́njú, ìtọ̀ á dúdú, oúnjẹ á máa rí i lára. Ara ẹlòmíràn a máa gbà á. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lápàá tẹ́lẹ̀ lè bá a lọ. Nínú ìwé àlàyé tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún tenofovir, ìkìlọ̀ yìí ni wọ́n fi ìlà yí ká kí ojú má baà fò ó.

Hóró kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní HIV ń lò ní Nàìjíríà báyìí, TLD, oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Méjì àkọ́kọ́ ń ká mẹ́dọ̀wú B náà lọ́wọ́ kò. Ẹni tó ní àrùn méjèèjì tó bá jáwọ́ nínú TLD ti tú àwọn méjèèjì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí dókítà bá sì fẹ́ yí oògùn HIV yín padà, ẹ rán an létí ẹ̀dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ mẹ́dọ̀wú B nìkan lẹ mọ̀ pé ẹ ní, tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò HIV kí wọ́n tó fún yín ní tenofovir, wọn kò fura sí yín o. Bí HIV bá wà níbẹ̀ láìmọ̀, oògùn kan ṣoṣo á kọ́ ọ bó ṣe ń borí oògùn. Lamivudine nìkan náà kò dára fún mẹ́dọ̀wú B: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kòkòrò tó wà lára nǹkan bí ènìyàn 70 nínú 100 tó lò ó kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ìwádìí NAIIS tí ìjọba ṣe ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 ló ní mẹ́dọ̀wú B ní Nàìjíríà. Àwọn tó ní HIV láàárín àgbàlagbà kò tó 2 nínú 100. Síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn HIV nílé ìwòsàn ìjọba, ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B ló ń fi owó ara rẹ̀ ra tenofovir kan náà. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé "ó ti lọ", owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ kí oògùn tó dá. Owó àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, tí a ń rà ní jálá-jálá, ìbá ti bá wa ra oògùn.

Ṣé wọn kì í wá dá oògùn mẹ́dọ̀wú B dúró rárá ni? Wọ́n ń dá a dúró fún àwọn kan. Ẹni tí àmì kòkòrò tí wọ́n ń pè ní HBsAg bá pòórá lẹ́jẹ̀ rẹ̀ wà lára wọn, kì í kàn wọ́pọ̀ ni. Obìnrin tí wọ́n fún ní tenofovir nínú oyún kí ó má baà ràn ọmọ náà lè wà lára wọn. Àwọn kan tó ní mẹ́dọ̀wú B kò tilẹ̀ nílò oògùn síbẹ̀, àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe fún wọn. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lápàá, títí ayé ni. Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ yín ló mọ ọ̀wọ́ tí ẹ wà.

TND yẹn ní iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe. Ẹni tí kò bá dá oògùn dúró, tí wọn kò sì rí HIV lẹ́jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ má mú ìlérí yìí lọ sọ́dọ̀ mẹ́dọ̀wú B. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́ẹ̀mẹta ni kí ọkọ tàbí ìyàwó yín lọ gbà, bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé kò tíì ní in.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti dá oògùn dúró, ẹ padà lọ, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn gan-an. Ẹ má fi ìtìjú dín in kù. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ yín wò lónìí nìkan, tàbí kí wọ́n tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.