Ìmókun létí òkun: bí ìwé ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi ẹni tó sọnù hàn

Ẹ ṣí ìwé ìkànìyàn ọdún 1881 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rí bàbá ńlá tí ẹ ń wá nínú ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mẹ́rin wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àbígbẹ̀yìn kò tíì pé ọdún kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin náà wà níbẹ̀. Ìyàwó ni ẹ kò rí. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé ìyàwó ti kú, bóyá orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí, àwọn kan sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìtàn ìdílé wọn. Ẹ má tíì kọ ọ́. Ẹ wo àyè tí wọ́n ti kọ ipò ìgbéyàwó ọkọ. Bó bá jẹ́ "Mar" ni wọ́n kọ, ó níyàwó nìyẹn. Ká ní ìyàwó ti kú ni, "Widr" ni à bá rí. Obìnrin náà wà láàyè, ibòmíràn ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Orí ọ̀rọ̀ "sùn" yẹn gan-an ni gbogbo nǹkan dá lé. Ìwé ìkànìyàn ayé àtijọ́ kò bèèrè ibi tí ènìyàn ń gbé. Ó bèèrè ẹni tó sun inú ilé yìí ní alẹ́ kan pàtó tí ìjọba ti mú. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń mú: ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ní 1881, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ní 1891, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ní 1901. Bí ìyá yín bá wá kí yín fún ọjọ́ méjì péré lábẹ́ òfin ìgbà náà, tí alẹ́ ìkànìyàn bá a lọ́dọ̀ yín, inú ilé yín ni wọn yóò kà á sí. Ojú ewé ti ilé tirẹ̀ kò ní dárúkọ rẹ̀ rárá, àfi bí ẹni pé kò gbébẹ̀ rí. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ṣàìsàn nìyẹn.

Níbo wá ni aláìsàn lè sùn? Ilé ìwòsàn lè jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilé kan tún wà láàárín ilé ìwòsàn àti ilé ẹni, òun ni àwọn ìwé náà ń pè ní Convalescent Home. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹ bá rí i lókè ojú ewé. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹni tí àìsàn ti fi sílẹ̀, àmọ́ tí àìlera kò tíì fi sílẹ̀, ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Àwa náà mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: ó ti dìde lórí ẹní, ó lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Oúnjẹ gidi, oorun àti atẹ́gùn tó mọ́ ló kù tó nílò kí ara tó mókun. Nítorí náà, ilé ìmókun ni èmi yóò máa pè é.

Létí òkun ni wọ́n ti ń wá okun náà. Àwọn dókítà ìgbà yẹn gbà pé atẹ́gùn òkun ń wo ara sàn, wọ́n sì mọ̀ pé èéfín ìlú ńlá kò ṣe ẹ̀dọ̀fóró lóore. Láti 1791 ni wọ́n ti dá ilé ìwòsàn ìwẹ̀ òkun sílẹ̀ ní Margate fún àwọn aláìní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1840 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Metropolitan Convalescent Institution sílẹ̀, ilé ńlá rẹ̀ sì wà ní Walton-on-Thames lẹ́bàá odò, kí ó tó kọ́ òmíràn sí Bexhill létí òkun. Ní 1869, ilé ìmókun Atkinson Morley ṣí ní Wimbledon fún àwọn tó ń ti ilé ìwòsàn St George's bọ̀. Florence Nightingale, gbajúmọ̀ nọ́ọ̀sì ìgbà náà, kọ̀wé tako àṣà kí aláìsàn máa pẹ́ jù lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó sì fẹ́ kí ilé ìwòsàn ní irú ilé yìí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi ń parí, Seaford, Southport àti ọ̀pọ̀ ìlú etí òkun mìíràn ti ní tiwọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè gba tiwọn ní Herne Bay ní 1901.

Ènìyàn kì í kàn wọlé síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó àánú ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ró, ẹni tó bá sì dáwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ láti kọ lẹ́tà fún aláìní tó fẹ́ ràn lọ́wọ́. Lẹ́tà yẹn ni aláìsàn yóò mú dání. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn tó ń tì í bọ̀ lè fi owó ìrànwọ́ tirẹ̀ rán an lọ, tàbí kí ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń dá owó sí san án. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà kì í gba ẹni tí àìsàn rẹ̀ lè ran ẹlòmíràn, wọn kì í sì í gba alárùn ọpọlọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìyá ńlá yín níbẹ̀, ìròyìn ayọ̀ díẹ̀ ni: ẹnì kan ti gbà pé ara rẹ̀ yóò yá.

Àwọn olówó ní ọ̀nà tiwọn, wọn á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi tí oòrùn wà. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn yìí. Aina, ọmọ Yewa tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta, tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́jú, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń bá a jà tó fi lọ sí Funchal ní erékùṣù Madeira láti wá ìlera. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1880, kò tó ọdún kan ṣáájú ìkànìyàn tí a ń sọ. Èrò kan náà ló gbé e lọ Madeira tó gbé ọmọ ọ̀dọ̀ lọ Bexhill. Àpò owó wọn ni kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé wa. Bí ilé ìmókun bá tóbi, wọ́n máa ń fún un ní ìwé ìkànìyàn tirẹ̀, tí wọ́n sábà ń kó sí ẹ̀yìn àwọn ojú ewé àdúgbò náà. Ẹni tó bá ń ka àwọn òpópónà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé lè dúró kó tó dé ibẹ̀. Bí ilé náà bá kéré, àárín àwọn ilé yòókù ni ẹ óò ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alápatà tàbí ti apẹja, àmì kan ṣoṣo tí yóò sì tọ́ka sí i ni orúkọ tí akànìyàn kọ sí àyè àdírẹ́sì. Ká fojú inú wo irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Mátíróònù ló wà lókè pátápátá, òun ni wọ́n kọ bí olórí ilé. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà alásè àti ọmọ ọ̀dọ̀ méjì. Lẹ́yìn wọn ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ bàbá wọn kò sì bára mu. Ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n bí ní Wiltshire. Alágbàfọ̀ tó jẹ́ opó. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, "Mar", tí wọ́n bí ní Kent. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, níbi tó yẹ kí wọ́n ti kọ ìyàwó tàbí ọmọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún ara rẹ̀ kọ títí dé ìsàlẹ̀: "Patient", aláìsàn.

Nígbà mìíràn, "Inmate" ni wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti da ìnira sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn láìnídìí. Lónìí, ẹlẹ́wọ̀n ni à ń rò bí a bá gbọ́ ọ. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú ilé tí àjọ kan ń ṣàkóso ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ arúgbó, ọmọ òrukàn tàbí aláìsàn. "Visitor" náà kì í ṣe ẹni tó wá wo aláìsàn lọ́sàn-án, àlejò tó sun ibẹ̀ mọ́jú ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "Where born" tàn yín jẹ. Ìlú tí wọ́n ti bí aláìsàn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìlú tó ti wá. Obìnrin wa tí wọ́n bí ní Kent lè ti lo ọdún mẹ́wàá ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ibì kankan lójú ewé yẹn tí wọ́n ti kọ Lọ́ńdọ̀nù.

Èyí ló ń mú kí wíwá a ṣòro. Bí ẹ bá fi orúkọ ọkọ, orúkọ ọmọ àti àdúgbò wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kò ní rí i, torí kò sí èyíkéyìí nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ fi orúkọ tirẹ̀, ọdún tí wọ́n bí i (ẹ fi ọdún méjì gbà á láyè síwájú àti sẹ́yìn) àti ìlú ìbí rẹ̀ nìkan wá a jákèjádò orílẹ̀-èdè. Bó bá ṣì ṣòro, ẹ yọ orúkọ bàbá pàápàá kúrò. Ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ nínú ilé ìmókun kò mọ àwọn aláìsàn náà rí kí wọ́n tó dé, ó sì rọrùn kó ṣì wọ́n kọ; ẹni tó tún un tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lóde òní lè tún ṣì í kà. Àtòjọ orúkọ inú ìkànìyàn 1881 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì FamilySearch, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó jọ ọ́, ẹ má tẹ́wọ́ gba ìlà kan tí kọ̀ǹpútà tò sílẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán ojú ewé náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ṣí sẹ́yìn títí ẹ óò fi dé ibi tí orúkọ ilé náà wà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé orúkọ ilé náà lè wà ní ojú ewé mẹ́ta ṣáájú, ẹni tó bá sì dúró sí ojú ewé kan yóò kàn rí obìnrin kan láàárín àjèjì.

Ìwé náà kò ní sọ àìsàn tó ṣe é fún yín. Kò ní sọ ọjọ́ tó dé tàbí ọjọ́ tó lọ. Alẹ́ kan ló mọ̀. Ohun tó fún yín ni orúkọ ilé, orúkọ yẹn sì ni kọ́kọ́rọ́ sí ibi tó kàn. Ẹ wá ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti agbègbè tí ilé náà wà, kí ẹ bèèrè ìwé ìgbàwọlé àti ìròyìn ọdọọdún rẹ̀. Ẹ bèèrè bákan náà nípa ilé ìwòsàn tó ṣeé ṣe kó rán an wá. Àkọsílẹ̀ aláìsàn sábà máa ń wà ní títì fún 100 ọdún, àmọ́ ti 1881 ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ti Ordnance Survey, àjọ ayàwòrán ilẹ̀ ìjọba, tí ilé ìkàwé ìjọba Scotland gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń kọ "Convalescent Home" sára ilé gan-an, ẹ óò sì rí bó ṣe súnmọ́ omi tó.

Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọdún yòókù kò ní gùn. Ìkànìyàn 1841 kò kọ ìbátan ẹnikẹ́ni sí olórí ilé, nítorí náà kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Láti 1911, fọ́ọ̀mù tí àwọn onílé fọwọ́ ara wọn kọ ló wà nílẹ̀, kì í ṣe àdàkọ akànìyàn mọ́. Ti 1921 dára gan-an torí ó bèèrè orúkọ ẹni tí ènìyàn ń bá ṣiṣẹ́, èyí tó lè so aláìsàn kan mọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ló sì sún ọjọ́ rẹ̀ láti oṣù Kẹrin sí ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, nígbà tí etí òkun kún fún ènìyàn. Ó dùn mí pé ìkànìyàn 1931, tó bèèrè ibi tí ènìyàn ń gbé gan-an yàtọ̀ sí ibi tó sùn, jóná pátápátá ní Hayes lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá 1942. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 1939 ló kù, níbi tí lẹ́tà P ti dúró fún aláìsàn, tí I sì dúró fún olùgbé irú ilé bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó bá ń wá Yorùbá tó ṣàìsàn lókè òkun láyé ìgbà náà: ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bèèrè àwọ̀ tàbí ẹ̀yà títí di 1991. Àyè ìlú ìbí nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀. Ẹ wá "Lagos", ẹ wá "Abeokuta", ẹ wá "Sierra Leone", kí ẹ sì wá "Africa" lásán, torí akànìyàn tí kò mọ bí a ṣe ń kọ Abẹ́òkúta lè fi ọ̀rọ̀ kan yẹn parí rẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí obìnrin wa, ẹ tẹ ojú ewé méjèèjì jáde kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 1881 kan náà ni wọ́n jọ jẹ́. Lápá kan, ọkọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ mẹ́rin, àti àbúrò tó wá bá a gbé wọn. Lápá kejì, orúkọ rẹ̀ láàárín alágbàfọ̀ kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan, létí òkun. "Mar" ni wọ́n kọ síwájú ọkọ. "Mar" náà ni wọ́n kọ síwájú tirẹ̀.