Kayak Onípẹ́dà: Láti Ìjókòó ni Agbára Ẹsẹ̀ Ti Ń Wá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ kayak onípẹ́dà, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, ní adágún Jabi ní Abuja máa ń rò pé ẹni tó bá ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn ti mọ̀ ọ́n wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, ìwúwo ara ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Tí òkè bá le, èèyàn á dìde dúró, á fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà. Nínú kayak, iwájú ni pẹ́dà wà, ẹ̀yìn àga nìkan sì ni ẹni tó ń wà á lè fara tì. Bí ẹ̀yìn àga bá dẹ̀, tàbí tó rọ̀gbọ̀kú jù, agbára tó yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú á máa ti àga sẹ́yìn. Torí náà, àga ni a kọ́kọ́ ń tún ṣe.

Ẹ̀rọ rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ń yí po bíi ti kẹ̀kẹ́, ó sì ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré lábẹ́ omi. Nínú ẹ̀rọ PDL ti ilé iṣẹ́ Old Town, ẹsẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan, abẹ̀bẹ̀ á yí ní ìgbà 10 ó lé díẹ̀. Ìkejì ni MirageDrive ti ilé iṣẹ́ Hobie, tó jáde ní 1997: ẹsẹ̀ kan á tì, èkejì á bọ̀, lẹbẹ méjì á sì máa gbá omi sọ́tùn-ún sósì bí apá ẹyẹ penguin.

Láti wọn àga, kí èèyàn kọ́kọ́ wọ life jacket rẹ̀, nítorí pé fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ti ara síwájú. Kó wá fi ìdí ti ẹ̀yìn àga dáadáa, kó sì na ẹsẹ̀ kan dé ibi tí pẹ́dà lè jìnnà dé. Orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀. Bó bá nà gbọnrangandan, àga ti jìnnà jù: ìbàdí á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti lé pẹ́dà bá, kò sì ní pẹ́ tí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Bí orúnkún bá ń ká wá sókè sí àyà, àga ti súnmọ́ jù, iwájú orúnkún ló sì máa kọ́kọ́ dunni. Ọ̀pá pẹ́dà MirageDrive ní nọ́ńbà 1 dé 7. Kí tọ̀tún àti tòsì wà ní nọ́ńbà kan náà. Ẹni tó yá ọkọ̀ lò ni kó yẹ èyí wò jù, torí ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè ga ju òun lọ fíìfíì.

Bí àga bá lọ sẹ́yìn púpọ̀, ìdí ọkọ̀ á rì díẹ̀, iwájú á sì gbé sókè. Kí a gbé báàgì àti omi mímu lọ síwájú, ó tán.

Ẹni tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti pẹ́dà ń gbé iṣẹ́ itan fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun, pajápajá á sì mú un kó tó dé àárín omi. Ó sàn kí pẹ́dà súnmọ́ àárín àtẹ́lẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ máa tì í, kí ìdí àti itan ṣe iṣẹ́ wọn. Sílípáàsì kò dára fún un, ó máa ń ká; sáńdà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le ló yẹ.

Ní ti eré, omi kì í gba agídí. Kí eré ọkọ̀ tó di ìlọ́po méjì, agbára ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 8. Ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 lójú omi, bó bá ti ń súnmọ́ nǹkan bíi kìlómítà 8.6 ní wákàtí kan, ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ń gùn. Àwọn géńdé tó ń fi gbogbo ara bá ara wọn sáré níbẹ̀ kàn ń da omi rú ni. Ìwọ̀n tí èèyàn ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bó ti ń wà á ni kó mú, kó má sì máa dúró kó tún máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí lẹbẹ bá wúwo fún lè dẹ̀ ẹ́ díẹ̀; bó bá fà á le, á tún wúwo sí i.

Bí pẹ́dà bá ṣàdédé le, koríko ti wé mọ́ ọn, pàápàá létí omi. Kí a má fi agbára já a, ẹ̀rọ ló máa kán. Ti lẹbẹ, kí a ti pẹ́dà kan síwájú tán, lẹbẹ méjèèjì á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ti abẹ̀bẹ̀, kí a fà á sókè, kí a fọwọ́ tú koríko náà. Nígbà ọyẹ́, kí a kọ́kọ́ kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ní okun, kí afẹ́fẹ́ lè gbé wa bọ̀. Àjẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbélé: bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, òun nìkan ló máa gbé ọkọ̀ délẹ̀.