Kí ló dé tí wọ́n ń dá gíríìnì lu bí asẹ́? Àlàyé lórí aeration

Ẹni tó bá dé pápá gọ́ọ̀fù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí oṣù Kẹta lè rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń bínú sí ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, igi ti ń rúwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti nu ọ̀pá wọn mọ́, wọ́n ń retí ọjọ́ tí oòrùn máa ràn. Àsìkò yẹn gan-an ni a máa ń gbé ẹ̀rọ jáde, tí a ó lọ sí ibi tó jọ̀lọ̀ jù lọ ní gbogbo pápá, tí a ó sì dá a lu. Ìgbà ìrúwé méjì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èébú tí mi ò gbọ́ tán. Bàbá àgbà kan dúró tì mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ ká gbádùn ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré kí ẹ tó bà á jẹ́.”

Aeration ni orúkọ ohun tí bàbá yẹn ń pè ní ìbàjẹ́. Kò ju pé ká dá ilẹ̀ lu kí afẹ́fẹ́ lè dé ìdí koríko. Èyí tó ń yọ erùpẹ̀ jáde nínú ihò ni wọ́n ń pè ní hollow coring, òun náà sì ni àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù kórìíra jù.

Gíríìnì ni ibi tí ihò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí wà. Nígbà ooru, a máa ń gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé gíga rẹ̀ kò ju 3 mm lọ, ìyẹn bí ìnípọn owó ẹyọ pọ́n-ùn kan. Gbogbo ẹni tó bá wá sí pápá lọ́jọ́ kan, ibi tó wù kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, orí gíríìnì yìí kan náà ni yóò parí rẹ̀ sí, yóò sì máa rìn yí ihò ká. Lé ẹ̀rọ agékoríko tó ń gun orí rẹ̀ láràárọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ rántí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó máa ń la pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni kì í fi àdá ro ó, síbẹ̀ koríko kì í hù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló pa á. Inú erùpẹ̀ tó dáa kún fún àlàfo kéékèèké, láàárín hóró kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò, torí gbòǹgbò náà ń mí. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, àwọn hóró á fún mọ́ra, àlàfo á dí, omi á dá dúró sókè, gbòǹgbò á sì kó ara rẹ̀ jọ sí etí ilẹ̀ nítorí pé kò rí ọ̀nà gbà lọ sísàlẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń lu ilẹ̀ ilé láyé àtijọ́ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń lù ú kí omi má baà ráyè wọ̀ ọ́, kí ohunkóhun má sì hù níbẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá le, ọkọ́ ni yóò mú. Yóò tú u, yóò kọ ebè, iṣu á sì rí ibi ta gbòǹgbò sí. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ ebè sórí gíríìnì? Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò ju bíi 43 mm lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, òkúta tí kò tó àgbàdo lè yí i kúrò lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ náà le, ó ń fẹ́ ọkọ́, ọkọ́ kò sì gbọdọ̀ kàn án. Aeration ni ọkọ́ ẹni tí kò gbọdọ̀ tú ilẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é ní àwọn páìpù irin kéékèèké tí inú wọn ṣófo. Wọ́n á máa lọ sókè sódò bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti wọlẹ̀, á gé erùpẹ̀ já, á fà á jáde, á sì dà á sórí koríko. Kí Tom Mascaro, ará Amẹ́ríkà, tó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń dá ilẹ̀ lu jáde ní 1946, fọ́ọ̀kì eléyín mẹ́rin tí wọ́n fi ń ro ọgbà ni àwọn tó ń tọ́jú pápá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀yìn mi ń ro mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní páìpù kan fẹ̀ tó bíi 13 mm, tí ihò kan sì fi 50 mm jìnnà sí èkejì. Ihò 400 ni yóò wà nínú mítà kan níbùú lóròó. Gíríìnì tó bá gba irú mítà kan níbùú lóròó bẹ́ẹ̀ lọ́nà 500 á gba ihò 200,000, gíríìnì 18 á sì gba mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ó lé díẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ihò yẹn kò gbà ju bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ojú gíríìnì lọ. Ohun tó rí lójú bí ẹni pé àgbọ̀nrín ti jà níbẹ̀, koríko márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Erùpẹ̀ tó jáde máa ń sùn gbalaja káàkiri bíi kúlíkúlí gbọọrọ. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ ká tíì kó o. Á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, á mú ẹyọ kan, á là á sí méjì pẹ̀lú èékánná, á sì gbé e sí imú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó na tèmi náà sí mi. Ewéko díẹ̀ wà lórí. Lábẹ́ rẹ̀ ni nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó rọ̀ bíi fóòmù ìrọ̀rí, tó nípọn tó ìka kan. Lábẹ́ ìyẹn ni ìlà dúdú kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nǹkan tó rọ̀ bíi fóòmù yẹn ni thatch: òkú igi koríko àti òkú gbòǹgbò tó ń lé orí ara wọn bí ẹní tí wọ́n tẹ́ lórí ẹní. Bó bá mọ níwọ̀n, kò burú. Bó bá pọ̀ jù, á máa mu omi bíi kànìnkànìn, àrùn á sì ríbi sá pamọ́ sí. Òórùn ẹyin yẹn ní tirẹ̀ fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀ mọ́, àwọn kòkòrò tí kò nílò afẹ́fẹ́ ló ti gba ilẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà.

Bí a bá ti kó kúlíkúlí náà kúrò, yanrìn ló kàn. Yanrìn gbígbẹ la máa ń fọ́n, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wọ inú ihò títí yóò fi kún. Bí ihò bá jìn tó 75 mm, ti gíríìnì kan ṣoṣo tí mo ṣírò lókè yẹn á jẹ tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta yanrìn. Kí ló dé tí a kò kúkú dá erùpẹ̀ àkọ́kọ́ padà? Torí pé amọ̀ ni yóò tún fún mọ́ra; hóró yanrìn kì í gbà kí ẹsẹ̀ tẹ òun pọ̀ bẹ́ẹ̀, àlàfo rẹ̀ kì í tètè dí. Àwọn òpìtàn gọ́ọ̀fù gbà pé Old Tom Morris, tó tọ́jú pápá St Andrews ní Skọ́tílándì láti àárín àwọn ọdún 1860 lọ, ni ó sọ fífọ́n yanrìn di àṣà. Nígbà tí USGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, sì gbé ìlànà wọn lórí kíkọ́ gíríìnì jáde ní 1960, àdàlù tí yanrìn pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó jìn tó 30 cm lórí òkúta wẹ́wẹ́, ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́ ọ lé. (Ẹni tó bá ti gbá gọ́ọ̀fù nílé lórí “brown”, ìyẹn yanrìn tí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnì pò, lè máa fi wa rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò ní koríko tó máa kú.)

Ìgbà wo ló yẹ ká ṣe é ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, kàlẹ́ńdà kọ́ ló sì ń dáhùn rẹ̀. Tẹmómítà tí a fi gún ilẹ̀ ló ń dáhùn. Gbòǹgbò àwọn koríko ilẹ̀ tútù, irú bíi bentgrass, máa ń hù dáadáa bí ilẹ̀ bá wà láàárín digiri 10 sí 18 Celsius. Bí a bá dá ilẹ̀ lu ṣáájú kó tó móoru, ihò á la ẹnu sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, Poa annua, koríko tí ẹnikẹ́ni kò pè, á sì hù sínú rẹ̀ kí onílé tó jí. Bí a bá pẹ́ jù, àkókò ìdíje á ti wọlé. Bí koríko bá ti ń dàgbà dáadáa, bíi ọ̀sẹ̀ méjì lojú rẹ̀ fi máa ń pa dé. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí gíríìnì oníkoríko bẹ̀múdà, koríko ilẹ̀ olóoru, pọ̀ sí, ìgbà ooru ni wọ́n ń lù ú, torí ìgbà yẹn lara bẹ̀múdà máa ń yá jù.

Tẹlifíṣọ̀n ló tún ń dá kún wàhálà wa. Oṣù Kẹrin ni wọ́n máa ń gbá ìdíje Masters ní Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia, gbogbo nǹkan á sì tutù yọ̀yọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á máa bi wá pé kí ló dé tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Koríko àlejò ni èyí tí wọ́n ń wò lórí fairway Augusta yẹn, ìyẹn ọ̀nà koríko tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gbà lọ sí gíríìnì: ryegrass ni, tí wọ́n gbìn sórí bẹ̀múdà nígbà ìwọ́wé, nígbà tí bẹ̀múdà fúnra rẹ̀ ṣì ń tòògbé lábẹ́. Augusta a sì máa ti ilẹ̀kùn pápá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ooru. Ta ló jẹ́ dábàá ìyẹn fún bàbá àgbà ọjọ́sí yẹn?

Òfin gọ́ọ̀fù pàápàá kò ṣàánú ẹni tó bá bá ihò wọ̀nyí pàdé. Òfin 13.1c gbà kí èèyàn tún ọ̀pọ̀ ìbàjẹ́ tó wà lórí gíríìnì ṣe kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ihò aeration kò sí lára wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú rẹ̀, àyàfi bí pápá náà bá ti gbé òfin abẹ́lé jáde lo fi lè gbé e kúrò láìjìyà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún kejì mi, èmi ni wọ́n rán láti ṣí ihò gọ́ọ̀fù nípò padà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe kí ẹsẹ̀ má baà pa ojú kan. Mo ki irin wọlẹ̀, mo sì fa odidi erùpẹ̀ jáde, ó fẹ̀ tó 108 mm. Bàbá yẹn wà nítòsí, ló bá sún mọ́ mi. Ìlà yanrìn funfun mẹ́ta tàbí mẹ́rin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ erùpẹ̀ dúdú náà bí òpó. Gbogbo ibi tó dúdú, gbòǹgbò rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Nínú yanrìn, wọ́n gùn tìẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, wọ́n funfun bí òwú. Ó fi ìka kàn án. Ó ní, “Ìgbà wo lẹ tún máa lù ú?”

Mo ní oṣù Kẹjọ.