Òwò aláìlówó-bodè: ohun tí àwọn aṣòfin Kánádà ń jà sí, àti ibi tí ìlérí ìjọba ti yẹ̀

Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe òwò aláìlówó-bodè, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹnubodè ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí oníkálùkù máa kó ẹrù rẹ̀ kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àdéhùn ni, ìwé rẹ̀ sì máa ń nípọn. Òun ló ń sọ ọjà tí owó bodè yóò kúrò lórí rẹ̀, iye ọdún tí yóò gbà kó tó kúrò tán, ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe ọjà náà kó tó jẹ àǹfààní yìí, àti ẹni tí yóò dá ẹjọ́ nígbà tí ìjà bá dé. Inú ìwé yẹn ni ìlérí ìjọba ti ń ṣẹ tàbí kó yẹ̀. Mi ò mọ ibi tó fi èyí hàn kedere tó Kánádà láàárín ọdún 1983 sí 1996.

Owó bodè ni owó tí ìjọba ń gbà lórí ọjà tó ń ti òkèèrè wọlé. Ó ń kó owó sápò ìjọba, ó sì ń mú kí ọjà òkèèrè gbówó lórí, kí ilé iṣẹ́ abẹ́lé lè ráyè mí. Bí wọ́n bá mú un kúrò, ọjà yóò rọ ẹni tó ń rà á lọ́rùn, ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà lọ sókè òkun yóò sì rí oníbàárà sí i. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé owó bodè ló ń gbé e ró lè kógbá sílé. Ẹni tó jèrè àti ẹni tó pàdánù kì í sábà gbé ìlú kan náà, aṣojú tí wọ́n rán lọ sílé aṣòfin kì í sì í ṣe ẹnì kan náà. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní Kánádà. Lọ́dún 1911, olóòtú ìjọba Wilfrid Laurier gbé àdéhùn àti dín owó bodè kù pẹ̀lú Amẹ́ríkà lọ síwájú àwọn olùdìbò, wọ́n sì fi ìbò lé e kúrò. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Nígbà tí Brian Mulroney ń du ipò olórí ẹgbẹ́ Progressive Conservative lọ́dún 1983, òun náà sọ pé òun kò fara mọ́ ọn. Ó wọlé ìbò lọ́dún 1984, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó 211 nínú 282. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Donald Macdonald darí dámọ̀ràn pé kí Kánádà bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn. Mínísítà ètò ìnáwó nínú ìjọba ẹgbẹ́ Liberal ni Macdonald tẹ́lẹ̀ rí, nítorí náà ìmọ̀ràn rẹ̀ wúwo. Kò pẹ́ tí Mulroney fi yí ohùn padà. Ìbéèrè tí àwọn alátakò gbé kò ó lójú nílé aṣòfin mọ́gbọ́n dání: ta ló fún un láṣẹ, nígbà tí kì í ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dìbò fún un nìyí?

Ohun kan wà tó yẹ kí a mọ̀ nípa irú àríyànjiyàn yìí. Ní Kánádà, ìjọba ló ń jókòó dúnàádúrà, òun náà ló ń fọwọ́ sí àdéhùn. Àwọn aṣòfin kò lè yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Ohun tó ń wá síwájú wọn ni àbádòfin tó ń tún òfin ilẹ̀ ṣe kí àdéhùn náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Yálà kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, ohun ìjà tó kù lọ́wọ́ alátakò ni ìbéèrè: ẹ sọ báyìí tẹ́lẹ̀, ojú ìwé wo ló wà?

Ní ti àdéhùn ti Mulroney, ojú ìwé kan ló dùn wọ́n jù. Owó bodè lásán kọ́ ni olórí ohun tí Kánádà ń wá. Amẹ́ríkà ní òfin tó fi ń gbowó ìjìyà lórí ọjà òkèèrè tó bá sọ pé ìjọba ibẹ̀ ṣe ìrànwọ́ fún, tàbí pé wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó tí kò tọ́. Lọ́dún 1986, bí ìdúnàádúrà ti ń lọ lọ́wọ́, Amẹ́ríkà fẹ́ gbé owó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé pákó Kánádà lórí. Kánádà fúnra rẹ̀ wá gbà láti máa bu iye kan náà lé e kó tó jáde nílé. Ìjọba ní àdéhùn yóò dáàbò bo ọjà Kánádà lọ́wọ́ irú nǹkan báyìí. Nígbà tí ìdúnàádúrà parí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1987, òfin Amẹ́ríkà wà níbi tó wà. Ohun tí Kánádà rí gbà ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún láti orílẹ̀-èdè méjèèjì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wò bóyá Amẹ́ríkà tẹ̀ lé òfin ara rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àwọn yóò jọ ṣòfin tuntun lórí ìrànwọ́ ìjọba. Òfin náà kò wáyé.

Ilé Aṣojú-ṣòfin gba àbádòfin náà wọlé ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1988, ṣùgbọ́n àwọn ará Liberal ló pọ̀ jù ní Ilé Aṣòfin Àgbà. John Turner, olórí wọn, ní kí wọ́n dá a dúró di ìgbà tí ará ìlú bá dìbò. Ilé tí wọn kì í dìbò yan èèyàn sí ló wá fún ará ìlú láǹfààní àtisọ tẹnu wọn. Mo sì gbà pé Turner ṣe ohun tó tọ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fẹ̀sùn kan Mulroney lójúkojú pé ó ti ta Kánádà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ìpín 43 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni ẹgbẹ́ Mulroney ní, síbẹ̀ ó gba ìjókòó 169 nínú 295. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1989.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fa Mẹ́síkò wọ̀ ọ́, ó wá di àdéhùn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní NAFTA. Jean Chrétien tó gbapò lọ́wọ́ Turner ṣèlérí nínú ìwé pupa tí Liberal fi polongo ìbò ọdún 1993 pé àwọn yóò tún àdéhùn náà dúnàádúrà: lórí ìrànwọ́ ìjọba, lórí títa ọjà ní ẹ̀dínwó, lórí epo àti gáàsì. Ó wọlé. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba tẹ́lẹ̀ ṣẹ́ ku ìjókòó méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, Chrétien kéde pé NAFTA yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1994. Ọ̀rọ̀ inú àdéhùn kò yí padà. Ohun tó mú bọ̀ ni àwọn ìkéde tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti epo, Kánádà nìkan ló dá a ṣe. Ti omi, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ sọ ọ́. Ti ìrànwọ́ àti ẹ̀dínwó, ìgbìmọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀, kó parí iṣẹ́ ní òpin ọdún 1995.

Ìjọba ní òun ti mú ìlérí ṣẹ. Èmi kò gbà. Ẹni tó bá ṣèlérí àtitún àdéhùn ṣe mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ wà lọ́wọ́ Washington pẹ̀lú, ó sì yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún olùdìbò kó tó gba ìbò rẹ̀. Ẹ wo ìlérí kejì tó wà nínú ìwé kan náà, pé àwọn yóò fi nǹkan mìíràn rọ́pò owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní GST. Sheila Copps, igbákejì olóòtú ìjọba, ti búra pé òun yóò kọ̀wé fipò sílẹ̀ bí owó náà kò bá kúrò. Kò kúrò, ó sì fipò sílẹ̀ lọ́dún 1996, kó tó tún ìbò dù kó sì padà síjòókòó rẹ̀. Owó GST wà lórí rìsíìtì, gbogbo ojú ló ń rí i. Ta ló lè wo rìsíìtì kó mọ̀ bóyá wọ́n ti tún àdéhùn dúnàádúrà?

Ọdún 1995 parí, Amẹ́ríkà ṣì ń lo òfin tirẹ̀ lórí ìrànwọ́ àti ẹ̀dínwó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kánádà tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn pẹ̀lú Amẹ́ríkà láti fi òté lé iye pákó tí yóò máa wọ ibẹ̀ láìsanwó, fún ọdún márùn-ún.